Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bá Wọn Ṣírò Òjò: Bí Yóò Ṣe Yára Tí Kò Ní Gbóná Jù

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a kò rí ààyè sọ tán. Màmá Akápò ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, àwọn bá kọ̀ǹpútà tó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ bí ajá tó sáré ti oko dé, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n wá bi mí lójú gbogbo ìpàdé pé, "Akọ̀wé, iṣẹ́ ta ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe? Ta ló sì ń san owó iná rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Mo ṣèlérí pé n ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, kí ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè jọ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn apá kìíní. Gbogbo wa la mọ ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, á ránṣẹ́ sí ará àti ọ̀rẹ́, kálukú á gbé ọkọ́ rẹ̀ wá, wọn á pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, kí oòrùn ó tó wọ̀, wọ́n ti ro ó tán. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà máa ń ní oko tó ju agbára wọn lọ, àmọ́ ìṣirò ni oko tiwọn. Ìṣirò kan lè wà tí kọ̀ǹpútà ẹyọ kan yóò máa ṣe títí ẹni tó gbé e kalẹ̀ yóò fi darúgbó, tí kò ní tán. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n á gé ìṣirò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ilé àwọn tó bá yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà ilé yóò ṣe tirẹ̀, yóò dá èsì padà, yóò sì gba òmíràn. Ọ̀wẹ̀ náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ kò rí yín rí, kò sì ní se oúnjẹ dè yín.

Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni èyí tó lókìkí jù nínú irú ọ̀wẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. SETI@home ni wọ́n pè é. Wọ́n ń wá bóyá ẹ̀dá kan wà lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn ìràwọ̀, tó ń fi ìró rédíò ránṣẹ́. Wọn ò rí ẹnì kankan, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ pínpín dúró. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2002 ni David Anderson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Berkeley níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BOINC. BOINC yìí ló dà bí olórí ọ̀wẹ̀: òun ló ń gba iṣẹ́ wá, òun ló ń pín in, òun ló ń kó èsì lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, èmi ni mo sì fi síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti ìràwọ̀ nìkan ni. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n fi irú ètò yìí ṣírò ibà. MalariaControl.net ni wọ́n ń pè é, àwọn Swiss Tropical Institute ní ìlú Basel ló ni ín, ó sì wà lábẹ́ ètò kan tó ń jẹ́ Africa@home. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ṣírò bí ibà ṣe ń ràn láàárín ìlú, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá pín àwọ̀n ẹ̀fọn, tàbí oògùn, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iṣẹ́ yẹn ti parí. Èyí tó fà mí mọ́ra ni ti òjò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Yunifásítì Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Nick van de Giesen, gbé ọ̀wẹ̀ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Africa Rainfall Project. Orí World Community Grid ni wọ́n gbé e kà. Iléeṣẹ́ IBM ló dá World Community Grid yìí sílẹ̀ ní ọdún 2004, wọ́n sì fa á lé Krembil Research Institute ní ìlú Toronto lọ́wọ́ ní ọdún 2021.

Àwa àgbẹ̀ la mọ ìdí tí òjò wa fi le í ṣírò. Òjò lè rọ̀ ní Ìjàyè kí ìṣàn omi gba ojú ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Moníyà máa bi wá léèrè pé ìgbà wo ni òjò rọ̀. Ooru ilẹ̀ ló ń gbé ọ̀rinrin lọ sókè, ìkùukùu á ṣú sí ojú kan, á já sílẹ̀ sí ojú kan náà, á tán. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ òjò wọn máa ń wá bí ẹni tẹ́ ẹní, yóò bo gbogbo agbègbè kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ máa ń pín ilẹ̀ sí igun-igun bí ìgbà tí a bá ń wọn oko. Bí igun kan bá fẹ̀ tó ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lódindi, òjò abúlé kan á sọnù sínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Delft fẹ́ ni kí wọ́n gé ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà sí igun kékeré, kìlómítà kan sí kìlómítà kan. Ẹ lè fojú inú wo iye igun tí yóò jẹ́. Iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n pe ọ̀wẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí kan náà ló wà nídìí TAHMO, ètò kan tó ń ri ẹ̀rọ ìwọn òjò mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tí wọ́n sì máa ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bi mí pé kí òun gbin àgbàdo lọ́la àbí kí òun dúró. Ìṣirò yìí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọ̀la. Òjò tó ti kọjá ni wọ́n ń tún ṣírò, kí wọ́n lè mọ bí ìjì kéékèèké ṣe ń gbéra nílẹ̀ wa, kí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ iwájú lè dára sí i. Àǹfààní rẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ẹni tó gbin igi kòkó náà kò ká a lọ́dún tó gbìn ín.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, èyí tó dùn mí jù nítorí pé mo jẹ̀bi níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi BOINC sí kọ̀ǹpútà wa, mo rò pé bí a bá ṣe fi agbára sí i tó ni iṣẹ́ yóò ṣe yára tó. Mo ní kó lo gbogbo agbára rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Oṣù kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn gidi. Ẹ rántí pé inú kọ́bọ́ọ̀dù onípákó ni a ń tì í mọ́ nígbà náà nítorí olè, tí a sì fi aṣọ léèsì bo orí rẹ̀ kó lè lẹ́wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tẹ iye owó ẹ̀yáwó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá padà wọlé, mo ti tẹ orúkọ bí ogójì, n ò tíì fi pamọ́. Ojú kọ̀ǹpútà kàn dúdú lójijì. Iná wà, fáànù àjà ń yí. Ẹ̀rọ ló pa ara rẹ̀. Mo tún tàn án, kò pé wákàtí kan ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo tún gbogbo orúkọ yẹn tẹ̀ láti orí ìwé, oòrùn ti wọ̀ kí n tó délé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Moníyà ló là mí lóye. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́ o, ooru ló fẹ́ pa á." Ó fi ọwọ́ mi kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, mo yára fa ọwọ́ mi kúrò.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé mọ̀, bí kò tilẹ̀ ní ṣe ọ̀wẹ̀ kankan: kọ̀ǹpútà tó gbóná kì í yára. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní prósẹ́sọ̀, ní ohun kan nínú tó ń wọn ooru ara rẹ̀. Bí ooru bá ti ń súnmọ́ ààlà tí wọ́n fi sí i, tó jẹ́ bíi dígírì 100 fún ọ̀pọ̀ nínú èyí tí Intel ń ṣe, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìṣísẹ̀ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bí ooru kò bá yéé lọ sókè, yóò pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Nígbà tí mo rò pé mo ń lò ó tagbára-tagbára, ṣe ni ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀wẹ̀ rẹ̀ yára, ìtùtù ni kó kọ́kọ́ wá.

Kí ló dé tó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀? BOINC máa ń fi ara rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà, yóò fún yín láàyè, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ronú, tàbí ẹ dìde lọ mumi, yóò gba gbogbo àyè tó ṣófo. Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ọ̀wẹ̀ máa ń sinmi ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìjẹ́ pé a mọ̀. Èyí tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ kì í sinmi rárá. Gbogbo iná tó ń jẹ ló sì ń di ooru, kò sí ibòmíràn tí iná náà ń lọ.

Ẹ wo bí ojú ọjọ́ tiwa ṣe bá a mu. Fáànù inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe fíríìjì. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fẹ́ sí ara irin gbígbóná, nítorí náà ẹ̀rọ kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Ká ní ẹ̀rọ kan, bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, máa ń fi dígírì 55 gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ní òru ọyẹ́ tí yàrá wà ní dígírì 22, ọpọlọ rẹ̀ á wà ní 77, kò burú. Ní ọ̀sán oṣù kẹta tí yàrá wà ní 36, á di 91. Ẹ wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde kò rí ibi gbà, tó tún ń fà á padà sínú, kí ẹ fi aṣọ léèsì lé e. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Èmi fúnra mi kì í jẹ́ kó kọjá 80 báyìí. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Core Temp tó máa ń fi dígírì náà hàn yín ní igun ojú kọ̀ǹpútà.

Àtúnṣe tó kọ́kọ́ yẹ kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. A yọ aṣọ léèsì, a gbé ẹ̀rọ jáde sórí tábìlì, a fi ààyè ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. A wá tú u. Ẹ̀yin ará, ohun tí a bá nínú rẹ̀! Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ irin tó ń tu ọpọlọ náà lára títí ó fi dà bí òwú, lẹ́búlẹ́bú gàrí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọńlé kan tó ti gbẹ wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ nu tiyín, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀ dáadáa. Ẹ fi ìka kan di apá fáànù mú kó má yí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbé e lọ bá fọkanáísà kó fi ẹ̀rọ ìfẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe é. Omi àti epo máa ń bá afẹ́fẹ́ yẹn jáde, afẹ́fẹ́ náà sì le tó láti fi fáànù yí àyíbàjẹ́. Ìpara kan tún wà láàárín ọpọlọ àti irin tó ń tù ú lára. Bó bá ti pẹ́ lọ́dún, ó máa ń gbẹ, ooru kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín pààrọ̀ ìyẹn. Láàárín ọyẹ́, à ń nu tiwa lóṣooṣù. Ní ìgbà òjò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tó.

Ẹni tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ló ní, kó má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tì í lẹ́sẹ̀ sókè, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kò sì le tó èyí tó ń dúró lórí tábìlì, ẹ má fi í ṣe ọ̀wẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni ètò inú BOINC fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Options" sí, kí ẹ tẹ "Computing preferences". Ohun méjì wà níbẹ̀ tó jọra, tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkíní ń béèrè iye òṣìṣẹ́ tí kí ó lò nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní. Èkejì ń béèrè ìdá mélòó nínú àkókò tí kí ó lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dín èkejì kù, èmi náà ṣe é. Bí ẹ bá sọ pé kó lo ìdajì àkókò, ṣe ni yóò máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, dúró díẹ̀, ṣiṣẹ́ díẹ̀, dúró díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Fáànù á máa ké, á máa dákẹ́, ooru á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wálẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ dín iye òṣìṣẹ́ kù, kí ẹ sì fi àkókò sílẹ̀ ní 100.

Ẹnì kan lè sọ pé bí a bá dín òṣìṣẹ́ kù sí ìdajì, ṣé iṣẹ́ náà kò ní di ìdajì? Rárá o. Kọ̀ǹpútà tiwa ń fi òṣìṣẹ́ mẹ́jọ hàn, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ọpọlọ tòótọ́ inú rẹ̀. Mẹ́rin yòókù dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń pín ọkọ́ kan lò: ìkíní ń ro nígbà tí èkejì ń nu òógùn. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò di méjì. Bí a bá lo mẹ́rin, iṣẹ́ tí a ó rí ju ìdajì lọ dáadáa, ooru á sì dín kù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀rọ ń kú lójoojúmọ́, mẹ́rin tí kò kú sàn fún wa ju mẹ́jọ tó ń kú tó ń jí lọ.

Ohun mìíràn wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní máa ń fi eré tó kọjá ìwọ̀n rẹ̀ sá, iná tó ń fà á sì máa lọ sókè. Ooru rẹ̀ ń pọ̀ ju eré tó jèrè lọ. Ẹ wo ọ̀kadà tí wọ́n ń wà ní eré àsápajúdé: ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dé ṣáájú, ṣùgbọ́n epo tó jẹ kò kéré. Ẹ lọ sí "Power Options", ẹ wá "Processor power management", ẹ wá "Maximum processor state", kí ẹ sọ 100 tó wà níbẹ̀ di 99. Ẹyọ kan péré. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan yẹn ló ń sọ fún un pé kó má sá eré àsápajúdé mọ́. Nígbà tí mo ṣe é lórí tiwa, mo gbọ́ tí fáànù rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ tún fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "Leave non-GPU tasks in memory while suspended" sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí BOINC bá dúró kí ẹ lè ṣe iṣẹ́ tiyín, kó di ohun tó ń ṣe mú lọ́wọ́, kó má jù ú sílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ yìí kì í kọ ibi tí wọ́n dé sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ti òjò tilẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kọ ọ́. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo ohun tó ṣe láti ìgbà tó ti kọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn ti ṣòfò nìyẹn. Nítorí èyí náà, ẹ má gba iṣẹ́ púpọ̀ jọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó padà dé. Bó bá kọjá ọjọ́ náà, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, wàhálà yín á sì di asán. Iṣẹ́ òjò tún máa ń wúwo, fáìlì tó ń dá padà tóbi. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀-díẹ̀ kó fi òdiwọ̀n sí i níbi tí wọ́n kọ "Network" sí, kó má bàa jí lówùúrọ̀ kó bá dátà oṣù kan tó ti tán.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń lo ínfátà fetí sí èyí dáadáa. BOINC ní ètò kan tó ní kí ó dúró bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí bátìrì. Lórí láptọ́ọ̀pù, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà lórí ínfátà kò mọ̀ pé bátìrì ni òun ń jẹ. Iná tó rí nínú wáyà kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí iná ìjọba. Alẹ́ ọjọ́ Sunday kan, iná ìjọba lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ínfátà gbà á, kọ̀ǹpútà ń bá ọ̀wẹ̀ lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun ni Màmá Akápò bá tó ń mí hẹ̀ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, bátìrì ti kú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tàn, àwọn méjì tó wá láti oko ọ̀nà jíjìn padà lọ́wọ́ òfo. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìwé yìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti lo ibi tí wọ́n kọ "Daily schedules" sí láti fi àkókò sí i. Ẹni tó ní sólà ní ìṣòro tirẹ̀: ọ̀sán tí iná ọ̀fẹ́ pọ̀ jù náà ni ooru pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ méjì péré ni mo máa fún un lọ́sàn-án bó bá jẹ́ tèmi, ìyẹn lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún.

Ó kù sí owó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń sinmi lè jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, bó bá ń ṣe ọ̀wẹ̀, ó lè tó 110. Ohun tí ọ̀wẹ̀ fi kún un jẹ́ wáàtì 60. Bí ó bá ṣe wákàtí méje lálẹ́, wáàtì 60 lọ́nà méje jẹ́ 420, ìyẹn kò tó ìdajì yúnìtì kan lórí mítà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ yúnìtì méjìlá àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé torí ọ̀wẹ̀ nìkan lẹ ṣe tan ẹ̀rọ náà, wáàtì 110 ni kí ẹ fi ṣírò, yóò sì tó yúnìtì mẹ́tàlélógún. Kí kálukú fi iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan fún un lọ́nà rẹ̀, kó tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ẹni tó máa san án padà fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé kí ẹ fi ètò kan sórí kọ̀ǹpútà yín, pé owó á máa wọlé fún yín lóru, ìyẹn kì í ṣe ọ̀wẹ̀ tí mò ń wí yìí. Ẹ lé e jáde. BOINC gidi, ojú-ewé Berkeley ni wọ́n ti ń gbà á, boinc.berkeley.edu. Ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó darapọ̀, nítorí iṣẹ́ kan á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní sí iṣẹ́ rárá fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Alága bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ máa ṣe é lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá gbà fún mi. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é. Aago mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí ni, òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré. Kọ̀ǹpútà náà kò gbọdọ̀ sí lórí ínfátà lálẹ́. Bí iná ìjọba bá lọ, kó kú. Bí ẹni ayẹ̀wéwò bá ń bọ̀ wá wo ìwé owó wa, ọ̀wẹ̀ dúró títí yóò fi lọ. Gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà lórí fláàṣì kan tó wà lọ́wọ́ Màmá Akápò. Yúnìtì tí ọ̀wẹ̀ bá jẹ lóṣù, èmi ni n ó san án nínú owó tèmi títí di ìpàdé gbogbogbò, níbi tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti dìbò bóyá kí ẹgbẹ́ gbà á tàbí kí á yọ BOINC kúrò. Ìwé àkọsílẹ̀ mítà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni lè wá wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun nu láptọ́ọ̀pù tàbí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, kó gbé e wá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé. Kó mú búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ dání. Ti ẹgbẹ́ ti gbó.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjàyè